Títún ẹ̀yà iná àti epo ojúlówó ṣe lára Volkswagen Ìjàpá àtijọ́

Ní ọ̀pọ̀ àgbàlá ní Àkúrẹ́ àti ní ìlú Oǹdó, Volkswagen Beetle tí gbogbo wa mọ̀ sí Ìjàpá ṣì wà lábẹ́ páànù tàbí lábẹ́ igi máńgòrò, tí àwọn ọmọ ilé kò jẹ́ tà nítorí pé ti bàbá wọn ni. Ilé iṣẹ́ Volkswagen ti Nàìjíríà, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Èkó ní ọdún 1975, ló to púpọ̀ nínú wọn pọ̀. Àwọn mìíràn sì ti wọ ilẹ̀ yìí kí ilé iṣẹ́ náà tó dé. Nígbà tí ẹnìkan bá fẹ́ jí irú mọ́tò bẹ́ẹ̀ dìde, ìmọ̀ràn tí wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ fún un ni pé kí ó tú dáínámò (tó ń ṣe iná fún bátìrì), dísítíríbútọ̀ (tó ń pín iná fún pílọ́ọ̀gì), pọ́ǹpù epo àti kabúrétọ̀ (tó ń po epo mọ́ afẹ́fẹ́) rẹ̀ dànù, kí ó sì lọ ra tuntun. Èmi kò fara mọ́ ìmọ̀ràn yìí. Bí a ti ṣe àwọn ẹ̀yà iná Bosch àti kabúrétọ̀ Solex tó wà lára Ìjàpá, ó ṣeé tú, ó ṣeé fọ̀, ó sì ṣeé tò padà. Ṣùgbọ́n ayédèrú ni púpọ̀ nínú àwọn tuntun tó wà lọ́jà, ihò jẹ́ẹ̀tì wọn (idẹ kékeré tí epo ń gbà kọjá) kì í pé, kọ́ńtáàtì wọn (irin kékeré tó ń là tó sì ń pa dé láti ta iná) sì máa ń tètè jẹ. Ohun tí mo fẹ́ ṣàlàyé ni bí a ṣe ń yẹ ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan wò kí a tó dá a lẹ́bi, bí a ṣe ń tún un ṣe, àti àwọn díẹ̀ tí ó yẹ kí a jù nù láìro ó lẹ́ẹ̀mejì.

Kí a tó fọwọ́ kan ohunkóhun, a ó yọ wáyà tí ó so bátìrì mọ́ ara mọ́tò. Abẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn, ní apá ọ̀tún, ni bátìrì Ìjàpá wà, irin sípíríìnì ìjókòó náà sì lè kan orí bátìrì nígbà tí ẹni tó wúwo bá jókòó lé e, kí iná sì sọ. Nítorí náà, a gbọ́dọ̀ fi rọ́bà tàbí pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bo orí bátìrì nígbàkígbà tí a bá dá a padà. Ìta gbangba ni kí a ti ṣe iṣẹ́ epo, kí ẹ̀rọ panápaná aláàtíkè wà nítòsí, kí ẹnikẹ́ni má sì dáná tàbí kí ó tan jẹnẹrétọ̀ lẹ́bàá ibẹ̀. Omi kò lè pa iná bẹntiróòlù. Ṣe ni yóò gbé e kiri.

Iná ni kí a kọ́kọ́ ṣe, kí epo tó tẹ̀lé e. Ẹ́ńjìnnì tí kọ́ńtáàtì rẹ̀ ti pa mọ́ra, tàbí tí àkókò ìtaná rẹ̀ ti yẹ̀, máa ń wúkọ́, ó máa ń tàpá, kì í sì í lágbára lórí òkè, gẹ́gẹ́ bí èyí tí ìdọ̀tí dí kabúrétọ̀ rẹ̀ ti máa ń ṣe. Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ tú kabúrétọ̀ yóò ba ohun tó ti dára jẹ́, àìsàn náà yóò sì wà níbẹ̀ síbẹ̀.

Ẹ́ẹ̀tì, wáyà àti fíúsì

Ẹ̀bi tí a ń dá sítátà àti bátìrì, ẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ọ̀nà tí iná ń gbà padà sí bátìrì, ló sábà máa ń jẹ ẹ́. Okùn ẹ́ẹ̀tì méjì ló ṣe pàtàkì lára Ìjàpá: èyí tó ti bátìrì lọ sí ara mọ́tò, àti èyí tí a fi wáyà híhun ṣe, tí kò ní rọ́bà lára, tó so iwájú gíá-bọ́ọ̀sì mọ́ ara mọ́tò. Orí rọ́bà ni ẹ́ńjìnnì àti gíá jókòó lé, nítorí náà bí okùn kejì yìí bá já tàbí tí ìpẹtà bá jẹ ẹ́, iná sítátà kò ní ọ̀nà tó dára tí yóò gbà padà mọ́. Ó lè gba inú okùn asẹlérétọ̀ kọjá, kí okùn náà gbóná títí yóò fi lẹ̀ mọ́ inú páìpù rẹ̀. Láti yẹ ẹ́ wò, a ó da wáyà bátìrì padà fún ìgbà díẹ̀, a ó gbé mítà sí fólìtì 20, a ó fi imú rẹ̀ kan lé orí òdì bátìrì gan-an, kì í ṣe lé irin tó dì í mú, a ó sì fi èkejì kan ara ẹ́ńjìnnì níbi tí kò ní ọ̀dà, kí ẹnìkan wá yí kọ́kọ́rọ́. Bí mítà bá kà ju ìdajì fólìtì lọ nígbà tí sítátà ń yí, kí a tú àwọn okùn náà, kí a ha ojú wọn àti ibi tí wọ́n jókòó sí títí irin yóò fi dán, kí a dì wọ́n padà, kí a sì fi gíríìsì bo òkè wọn. Ọ̀rinrin àsìkò òjò ní agbègbè wa kì í jẹ́ kí iṣẹ́ yìí jẹ́ ti ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo.

Fíúsì Ìjàpá jẹ́ olórí ṣóńṣó méjì: funfun jẹ́ ámípíà 8, pupa sì jẹ́ ámípíà 16. Ìpẹtà orí wọn nìkan tó láti pa iná iwájú tàbí láti mú fèrè dákẹ́. Kí a yọ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, kí a ha orí wọn àti ahọ́n bàbà tó dì wọ́n mú. Àwọn kan máa ń fi bébà fàdákà inú páálí sìgá wé fíúsì tó ti jó. Bí wáyà bá kan ara wọn lẹ́yìn ìyẹn, wáyà fúnra rẹ̀ ni yóò di fíúsì, gbogbo rẹ̀ yóò sì jó láti iwájú dé ẹ̀yìn. Ó tún yẹ kí a mọ̀ pé wáyà tó ń gbé iná lọ sí kọ́ìlì (tó ń sọ iná bátìrì di èyí tó lágbára fún pílọ́ọ̀gì) kì í gba inú fíúsì kankan kọjá, nítorí náà ibi tí rọ́bà rẹ̀ bá ti la kò gbọ́dọ̀ dúró di ọ̀la.

Kò sí ìdí láti fa gbogbo wáyà àtijọ́ yọ. Kí a gé ibi tó bàjẹ́ nìkan, kí a fi wáyà tó nípọn bákan náà tí àwọ̀ rẹ̀ sì jọ ti àtijọ́ rọ́pò rẹ̀, kí a jó ojú ìsopọ̀ náà pọ̀ pẹ̀lú òjé, kí a sì wé e. Rìwáyà tí ó bá fi wáyà pupa ṣe gbogbo nǹkan kò ṣe mọ́tò náà lóore, nítorí pé àwọ̀ ni ẹni tí yóò tún un ṣe lẹ́yìn rẹ̀ yóò máa tẹ̀lé.

Dísítíríbútọ̀ àti kọ́ìlì

Kí a ṣí ìdérí dísítíríbútọ̀, kí a nu inú rẹ̀, kí a sì fi tọ́ọ̀ṣì wá ìlà dúdú tín-ín-rín tí ó ti inú òpó kan dé òmíràn. Ibi tí iná ń sá gbà nìyẹn, ìdérí tó bá ní irú ìlà bẹ́ẹ̀ kò ṣeé tún ṣe. Kábọ̀nù kékeré tó wà ní àárín gbọ́dọ̀ máa ta sókè bí a bá fi ìka tẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn èyí ni kọ́ńtáàtì. Bí ojú rẹ̀ bá kàn ṣú, fáìlì pẹlẹbẹ tó kúnná tó fún un. Bí òkè bá ti hù ní apá kan tí ihò sì wà ní apá kejì, kí a pààrọ̀ rẹ̀. Kí a fi sípánà yí nọ́ọ̀tì púlì dáínámò títí ẹsẹ̀ kọ́ńtáàtì yóò fi gun ṣóńṣó orí kámù (ọ̀pá tó ń yí láti la kọ́ńtáàtì), kí a wá fi fílà gééjì (irin pẹlẹbẹ tí a fi ń wọn àlàfo) tí kò ní ọ̀rá lára wọn àlàfo rẹ̀ sí mìlímítà 0.4. Gíríìsì tí kò ju orí ìṣáná lọ lára kámù àti ẹ̀kán epo ẹ́ńjìnnì kan lábẹ́ rótọ̀ (apá tó ń yí lábẹ́ ìdérí) yóò jẹ́ kí àlàfo náà pẹ́ kí ó tó yẹ̀.

Kọ̀ńdẹ́ńsà, agolo kékeré tí kì í jẹ́ kí kọ́ńtáàtì jó, jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tí a kì í tún ṣe. Bí kọ́ńtáàtì tuntun bá jó dúdú láàárín ìgbà kúkúrú, kọ̀ńdẹ́ńsà ni kí a fura sí. Ti kọ́ìlì yàtọ̀, nítorí pé ojúlówó kọ́ìlì lè pẹ́ ju ẹni tó ń wa mọ́tò lọ: kí a yọ wáyà tó wà ní ibi tí wọ́n kọ 15 àti 1 sí lórí rẹ̀, kí a wọn àárín ibi méjèèjì, óòmù 3 sí 4 ni mítà yóò kà bí ara rẹ̀ bá le. Wáyà tó ti ọ̀dọ̀ kọ́kọ́rọ́ wá ló ń lọ sórí 15, ti dísítíríbútọ̀ ló ń lọ sórí 1. Bí a bá pààrọ̀ ipò wọn, mọ́tò yóò ṣì ṣíná, ṣùgbọ́n iná pílọ́ọ̀gì kò ní lágbára tó bó ṣe yẹ, ẹni tó bá sì ń wá ohun tó fà á yóò pẹ́ kí ó tó rí i.

Láti gbé àkókò ìtaná sí ipò, a ó so tẹ́sítà oníná fólìtì 12 mọ́ àárín 1 kọ́ìlì àti ẹ́ẹ̀tì, a ó yí púlì títí àmì tó jẹ́ ti ẹ́ńjìnnì náà yóò fi bá ìlà àárín ara ẹ́ńjìnnì mu, a ó ṣí kọ́kọ́rọ́, a ó sì máa yí dísítíríbútọ̀ díẹ̀díẹ̀. Ní kété tí tẹ́sítà bá tàn ni kọ́ńtáàtì ṣẹ̀ṣẹ̀ là. Kí a dì í níbẹ̀. Àmì yìí yàtọ̀ láti ẹ́ńjìnnì dé ẹ́ńjìnnì, nítorí náà ìwé tó bá nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì yín mu ni kí ẹ tẹ̀lé. Bí àwọn sílíńdà ẹ́ńjìnnì ṣe ń tan tẹ̀léra ni 1, 4, 3, 2. Kí a má fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ ní ṣíṣí nígbà tí ẹ́ńjìnnì kò ṣiṣẹ́, kọ́ìlì yóò gbóná.

Ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì ló ti yọ dísítíríbútọ̀ tó ní ikòkò fífa-afẹ́fẹ́ (tó ń sún àkókò ìtaná síwájú) lára Ìjàpá, tí wọ́n sì fi Bosch 009, tí kò ní irú ikòkò yìí, rọ́pò rẹ̀ nítorí pé ó rọrùn láti rí. Bí a bá so 009 mọ́ 34 PICT, irú kabúrétọ̀ Solex kan, mọ́tò máa ń lọ́ra fún ìgbà díẹ̀ nígbà tí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ asẹlérétọ̀, wọn yóò sì máa dá kabúrétọ̀ lẹ́bi. Bí èyí tí wọ́n yọ bá ṣì wà nínú àpótí nílé, ẹ dá a padà. Ẹ fi ẹnu fa họ́ọ̀sì rẹ̀: bí pẹpẹ inú rẹ̀ bá yí díẹ̀ tí ó sì dúró síbẹ̀ níwọ̀n ìgbà tí ahọ́n bá dí ihò náà, ó ṣì yè.

Dáínámò

Bí iná pupa ojú dáṣíbọ́ọ̀dù kò bá kú lẹ́yìn tí ẹ́ńjìnnì ti ń sáré, kí a kọ́kọ́ yẹ fáńbẹ́ẹ̀tì wò. Tí àtàǹpàkò bá tẹ àárín rẹ̀, kí ó wọlé bíi mìlímítà 15. Bẹ́ẹ̀tì yìí kan náà ló ń yí fáànù tó ń tu ẹ́ńjìnnì lára, nítorí náà bí iná pupa bá tàn lójú ọ̀nà, kí a dúró lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ wo bẹ́ẹ̀tì kí ẹ́ńjìnnì má bàa jó.

Bí bẹ́ẹ̀tì bá dára, kí a tú u, kí a yọ wáyà ibi méjì tí wọ́n kọ D+ àti DF sí lára dáínámò, kí a sì sàmì sí wọn. Kí a fi wáyà kékeré so DF mọ́ ara dáínámò fúnra rẹ̀, kí a wá mú iná láti orí pósítíìfù bátìrì wá sórí D+. Dáínámò tó yè yóò bẹ̀rẹ̀ sí í yí fúnra rẹ̀ bíi mọ́tò fáànù, yóò sì máa yí geere. Mo fẹ́ràn ìdánwò yìí ju gbogbo èyí tí a ń fi mítà ṣe lọ, nítorí pé ohun méjì ló ń ṣe lẹ́ẹ̀kan náà: ó ń fi hàn bóyá dáínámò ló ṣàìsàn tàbí régúlétọ̀ (tó ń díwọ̀n iná tó ń lọ sí bátìrì), ó sì ń dá agbára òòfà padà sínú dáínámò tí ó ti jókòó fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àwọn dáínámò kan wà tí wọ́n jù nù bí òkú tí kò nílò ju èyí lọ.

Bí kò bá yí, bọ́rọ́ọ̀ṣì ni a ó kọ́kọ́ wò. Fèrèsé wà lára dáínámò tí a lè gbà fi wáyà títẹ̀ fà wọ́n jáde láìtú dáínámò sílẹ̀. Bọ́rọ́ọ̀ṣì tí ó ti kúrú tó bẹ́ẹ̀ tí sípíríìnì rẹ̀ fi ń sinmi lórí ilé bọ́rọ́ọ̀ṣì, kí a pààrọ̀ rẹ̀. Kọ̀múútétọ̀, ìyẹn bàbà tí bọ́rọ́ọ̀ṣì ń fara nù, yẹ kí ó ní àwọ̀ igi tó ń dán. Bí ó bá dúdú, kí a fi sańpépà tó kúnná nù ún bí ẹnìkan ṣe ń yí i, kì í ṣe ẹ́mẹ́rì, nítorí pé èérún ẹ́mẹ́rì máa ń gbé iná. Bí bàbà náà bá ti jẹ wálẹ̀ dé ibi tí máíkà (ohun tí kì í gbé iná tó ya àwọn bàbà náà sọ́tọ̀) fi bá a dọ́gba, kí a fi bíléèdì ayùn irin tó ti kán gbẹ́ máíkà náà wọlé bí ìdajì mìlímítà, kí a sì gbọn èérún rẹ̀ kúrò. Iṣẹ́ sùúrù ni, ó sì lè gba ìrọ̀lẹ́ kan. Ámátúrọ̀, ìyẹn àárín dáínámò tó ń yí, tí a wé wáyà mọ́, tó bá jó gan-an kì í ṣe òpin ọ̀rọ̀: àwọn tí ń wé kọ́ìlì jẹnẹrétọ̀ ní Àkúrẹ́ lè wé e, bí a bá ti sọ fún wọn pé kí wọ́n ka iye ìyípo wáyà àtijọ́ kí wọ́n tó gé e, kí wọ́n sì lo èyí tó nípọn bákan náà.

Bí dáínámò bá yí ṣùgbọ́n tí kò gba iná sí bátìrì, ó di ti régúlétọ̀. Kí a ṣí ìdérí rẹ̀ lẹ́yìn tí a bá ti yọ bátìrì, kí a fi bébà tó mọ́ nu àárín àwọn kọ́ńtáàtì rẹ̀, kí a má sì tẹ sípíríìnì rẹ̀. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń sáré dáadáa, nǹkan bíi fólìtì 14 ni mítà gbọ́dọ̀ kà lórí bátìrì. Bí ó bá kọjá 15, ó ń se omi bátìrì nìyẹn, kí a sì pààrọ̀ régúlétọ̀ náà.

Táńkì, họ́ọ̀sì àti pọ́ǹpù epo

Bẹntiróòlù tó pẹ́ nínú táńkì máa ń di oje tó ń lẹ̀, ìpẹtà sì máa ń wà lábẹ́ rẹ̀. Kí a fà á jáde pátá, kí a tú táńkì náà kúrò níwájú mọ́tò, kí a fi omi ọṣẹ gbígbóná fọ̀ ọ́, kí a kó ṣéènì kékeré tàbí òkúta wẹ́wẹ́ sí i, kí a sì máa mì ín. Bí ìpẹtà bá ṣì kù, kí a fi fínígà kún un fún ọjọ́ kan sí méjì, kí a ṣàn án, kí a sá a gbẹ, kí a sì da epo díẹ̀ sí i ní kíákíá kí ìpẹtà tuntun má bàa mú un. A kò gbọ́dọ̀ gbé táńkì epo lọ sí ọ̀dọ̀ wẹ́dà, kódà bí ó ti ṣófo láti ọdún márùn-ún: èéfín bẹntiróòlù inú rẹ̀ ló ń bú gbàmù, kì í ṣe epo.

Họ́ọ̀sì rọ́bà kò sí nínú ohun tí a ń pa mọ́ nítorí pé ó jẹ́ ojúlówó. Ní oṣù kejì ọdún 2022, ìjọba sọ pé epo tí mẹtanọ́ọ̀lù inú rẹ̀ ju ohun tí òfin orílẹ̀-èdè yìí gbà lọ ti wọlé, wọ́n sì ní kí a kó o kúrò lọ́jà. Irú epo bẹ́ẹ̀ máa ń fa omi mọ́ra, ó sì máa ń sọ rọ́bà àtijọ́ di rírọ̀. Gbogbo họ́ọ̀sì láti abẹ́ táńkì dé orí kabúrétọ̀ ni kí a pààrọ̀, kí kílíìpù sì wà ní orí kọ̀ọ̀kan. Fílítà tí wọ́n máa ń so kọ́ sí àárín pọ́ǹpù àti kabúrétọ̀ wà lókè dísítíríbútọ̀ tí ń ta iná. Wíwúwo rẹ̀ lè fa páìpù idẹ ẹnu kabúrétọ̀ yọ, kí epo sì máa ya sórí iná. Kí a gbé e lọ sí abẹ́ táńkì níwájú, tàbí sí ẹ̀gbẹ́ gíá-bọ́ọ̀sì.

Pọ́ǹpù Ìjàpá méjì ló wà: èyí tó ní sùkúrù yí ká, tó ṣeé tú, àti èyí tí wọ́n fún pọ̀ láti ilé iṣẹ́, tí a kò lè ṣí. Kí a tó tú èyí tó ṣeé tú, kí a fa ọ̀pá ìwọ̀n epo ẹ́ńjìnnì yọ, kí a gbóòórùn rẹ̀. Bí ó bá ń rùn bí bẹntiróòlù, dáyáfúráàmù (awọ fẹ́lẹ́ inú pọ́ǹpù tó ń fa epo) ti ya, epo sì ń dà sínú epo ẹ́ńjìnnì; kí a pààrọ̀ dáyáfúráàmù náà, kí a sì da epo ẹ́ńjìnnì tuntun sí i kí a tó tún ṣíná. Gáàsíkẹ́ẹ̀tì abẹ́ pọ́ǹpù kì í ṣe ohun tí a ń gé bó ṣe wù wá, nítorí pé níní-ìpọn rẹ̀ ló ń pinnu bí ọ̀pá tí ń tì í ṣe ń yọ sókè. Nígbà tí ọ̀pá náà bá dé òkè pátápátá, mìlímítà 13 ni kí ó yọ lókè ìjókòó pọ́ǹpù pẹ̀lú gáàsíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Bí ó bá yọ jù, dáyáfúráàmù yóò ya tàbí kí kabúrétọ̀ máa kún àkúnya; bí kò bá yọ tó, epo kò ní tó lórí òkè.

Kabúrétọ̀

Sùkúrù márùn-ún ló di òkè Solex Ìjàpá mọ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀. Kí a tú wọn lórí aṣọ funfun, kí a sì sọ ibi tí nǹkan kọ̀ọ̀kan ti wá, nítorí pé bọ́ọ̀lù irin kékeré kan wà nínú rẹ̀ tó máa ń yí lọ láìdágbére. Bẹntiróòlù tuntun àti búrọ́ọ̀ṣì eyín ló tó láti fọ ọ́. Kí a má fi wáyà gún jẹ́ẹ̀tì rárá: idẹ rẹ̀ rọ̀, ihò rẹ̀ yóò sì gbòòrò. Afẹ́fẹ́ ọ̀dọ̀ fọkanáísà ni kí a fẹ́ sí i, bí èyí tó dí bá sì kọ̀, ẹyọ ìgbálẹ̀ ọ̀pẹ tó rọ̀ kò ní pa á lára. Kí a mi fílóòtì, ìyẹn èyí tó ń léfòó lórí epo inú kabúrétọ̀, létí. Bí epo bá ń dún nínú rẹ̀, ó ti lu. Abẹ́rẹ́ tí ń dí epo ń fẹ́ wáṣà tí ìpọn rẹ̀ jẹ́ ti àtijọ́, nítorí pé òun ló ń mú kí epo dúró ní ìwọ̀n tó yẹ.

Ibi tó máa ń jẹ jù ni ihò tí ọ̀pá asẹlérétọ̀ gbà kọjá. Kí a fi gíríìsì tó nípọn dí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ọ̀pá náà nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń sáré sìló (ìyẹn jẹ́jẹ́, láìtẹ asẹlérétọ̀). Bí ìró rẹ̀ bá yí padà, afẹ́fẹ́ ń gba ibẹ̀ wọlé. Ẹni tó ń gbẹ́ irin lórí ẹ̀rọ lè lu ihò náà gbòòrò, kí ó sì fi bùṣì idẹ sí i. Owó yẹn kò ṣòfò, nítorí pé kò sí bí a ṣe lè yí sùkúrù tó tí sìló yóò fi dúró bí ibẹ̀ bá ń jò. Ìsàlẹ̀ kabúrétọ̀ tó ti tẹ̀ nítorí dídì jù, kí a fi sańpépà tí a tẹ́ lórí gíláàsì nù ún títí yóò fi tẹ́jú.

Fálíìfù oníná ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ dún “kẹ́” nígbà tí a bá ṣí kọ́kọ́rọ́. Bí kò bá dún, mọ́tò yóò máa kú ní sìló, bó ti wù kí a fọ jẹ́ẹ̀tì tó.

Lórí 34 PICT-3, lẹ́yìn tí ẹ́ńjìnnì bá ti gbóná tí ṣóòkù (pẹpẹ tó ń dín afẹ́fẹ́ kù nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá tutù) sì ti ṣí tán, kí a yí sùkúrù kékeré àdàlù wọlé jẹ́jẹ́ títí yóò fi jókòó, kí a sì yí i jáde ní ìyípo méjì àbọ̀. Sùkúrù ńlá ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni a fi ń gbé sìló sí nǹkan bíi ìyípo 850 ní ìṣẹ́jú kan. Èyí tó wà lára apá asẹlérétọ̀ kì í ṣe ti sìló, ẹni tó bá sì ti yí i tẹ́lẹ̀ ti ba fífa afẹ́fẹ́ tó ń darí ikòkò dísítíríbútọ̀ jẹ́. Kí a yí i jáde títí kò fi ní kan nǹkan, kí a wá yí i wọlé títí yóò fi kàn án gẹ́rẹ́, kí a sì fi ìdámẹ́rin ìyípo kún un.

Ojú pẹrẹsẹ ìgboro Àkúrẹ́ kì í fi àìlera pọ́ǹpù hàn, nítorí náà ọ̀nà tó ń gun òkè ni kí a gbà dán an wò. Bí mọ́tò bá lágbára ní ìbẹ̀rẹ̀ òkè ṣùgbọ́n tí ó ń kú lọ bí ó ti ń gùn, epo ni kò tó, ọ̀pá pọ́ǹpù àti fílítà ni kí a padà sí. Bí ó bá ń tàpá láti ìsàlẹ̀, àkókò ìtaná ni. Nígbà tí a bá délé, kí a ṣí ẹ̀yìn rẹ̀ kí ó tó tutù, kí a fi ọwọ́ gbígbẹ gba abẹ́ gbogbo kílíìpù, kí a sì tún fa ọ̀pá epo ẹ́ńjìnnì yọ gbóòórùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i.